Láti "Èmi Kọ́" Dé "Èmi Ni"

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo ba aago ọwọ́ bàbá mi jẹ́. Wọ́n máa ń fọ́nnu pé omi kò lè wọ inú rẹ̀, èmi náà sì fẹ́ fojú ara mi rí i. Mo sọ ọ́ sínú garawa omi, mo ka ení dé ọgọ́rùn-ún, mo yọ ọ́ jáde. Ọwọ́ tín-ín-rín tó máa ń sáré yí ojú aago náà ká ti dúró gbagidi. Mo fi etí ẹ̀wù mi nù ún, mo dá a padà síbi tí mo ti mú un, mo sì jáde lọ ṣeré.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n pè wá jọ. "Ta ló fọwọ́ kan aago mi?" Wọn kò tíì panu dé tí mo fi dáhùn: "Èmi kọ́!" Mo yára jù. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ní irú ojú kan tó máa ń jọ ti ẹlẹ́bi kódà bó bá ń sùn. Ó ń wolẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Òun ni wọ́n nà.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ "èmi kọ́" yìí lọ, ro ó bọ̀, láti ìgbà tí ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní ilé ìwòsàn, èyí tí màá sọ láìpẹ́. Ó dá mi lójú báyìí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ìgbà èwe dúró lé. Kì í ṣe irọ́ lásán. Odindi ètò ayé kan ló wà nínú rẹ̀: bí nǹkan bá fọ́, ẹnì kan wà tí yóò ṣa àfọ́kù rẹ̀, ẹni náà kì í sì í ṣe èmi. Bí òjò bá ń jò wọ yàrá, ẹnì kan yóò gbé garawa sábẹ́ ibi tó ń jò. Bí owó bá tán, ẹnì kan yóò mọ ohun tí yóò ṣe. Ọmọdé kò mọ ìbẹ̀rù tó wà nídìí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Oorun àsùnwọra tí ọmọdé ń sùn, àgbà kan ló lajú sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè bẹnu àtẹ́ lu "èmi kọ́" lẹ́nu ọmọdé. Ọmọ tí kò bá rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún ti kúrò ní ọmọdé, iye ọdún yòówù kó jẹ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa, ọmọ ọdún méjìlá bíi tèmi, tó máa ń sáré lọ sílé kété tí agogo ìparí bá ti dún. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó mọ ọjọ́ tí oògùn máa tán, ó mọ gbogbo ẹni tí wọ́n jẹ lówó àti èyí tó lè ní sùúrù nínú wọn, ó mọ bí a ṣe ń dá onílé lóhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. A kì í pè é síbi eré, nítorí lójú tiwa, eré rẹ̀ kò dùn. Bí olùkọ́ bá bèèrè pé ta ló da yíǹkì sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pariwo "èmi kọ́, èmi kọ́", òun ni yóò ti dìde lọ mú àkísà. Lójú òfin, ó ṣì ku ọdún mẹ́fà kó tó di àgbà. N kò gbà fún òfin níbẹ̀ yẹn.

Èmi ní tèmi, mo gba òfin gbọ́ gan-an nígbà náà. Mò ń ka ọjọ́ dé ìgbà tí màá pé ọmọ ọdún 18. Mo rò pé nǹkan kan máa yí padà nínú mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo wo dígí, ojú àná ni mo rí. Irun àgbọ̀n mẹ́ta tí mo ní kò di mẹ́rin.

Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé ìlà tí mò ń dúró dè yẹn, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló fà á, wọ́n sì ti sún un kiri. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó pé 21 ni òfin ń pè ní àgbà títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, tí wọ́n sọ ọ́ di 18. Ẹni ọdún 19 tó sùn ní ọmọdé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àgbà ló jí. Ní Jàpáánù, 20 ló jẹ́ láti ọdún 1876; ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó já a sí 18, síbẹ̀ wọ́n ní kí àwọn àgbà tuntun náà má tíì fẹnu kan ọtí tàbí sìgá títí wọn yóò fi pé 20. Àgbà ni yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣì rọra ná. Ní Amẹ́ríkà, ogun Vietnam ló dá kún un: àwọn ọ̀dọ́ ń bi ìjọba pé bí ọmọ ọdún 18 bá tó ẹni tó lè lọ kú lójú ogun, kí ló dé tí kò tó ẹni tó lè dìbò? Ní ọdún 1971, wọ́n tún ìwé òfin ilẹ̀ wọn ṣe kí ó má sí ìpínlẹ̀ kankan tó lè fi ọjọ́ orí dí ẹni ọdún 18 lọ́wọ́ ìdìbò. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, náà ní ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé 18, ó sì yára fi kún un pé àfi bí òfin tó de ọmọ náà bá ti kà á sí àgbà ṣáájú ìgbà yẹn. Ó jọ pé àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀.

N kò fi òfin ṣẹ̀sín o. Òfin kò lè máa yọjú wo inú olúkúlùkù, ó gbọ́dọ̀ fa ìlà síbì kan. Ohun tó sì wà nídìí ìlà náà kò jìnnà sí ìbéèrè bàbá mi lórí aago. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, bí ọmọdé bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí àgbà bá fọwọ́ sí i, ó ti dè é. Kí èèyàn tó dé ìlà, òfin gbà fún un kó ní "èmi kọ́". Lẹ́yìn ìlà, òun ni.

Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ náà ní tiwọn. Wọ́n ní iwájú ọpọlọ, níbi tí ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìrònú nípa ọ̀la ti ń ṣiṣẹ́, ṣì ń gbó lọ títí èèyàn yóò fi kọjá ogún ọdún dáadáa. Àwọn kan ti wá sọ èyí di pé ọmọ ọdún 25 ni ọpọlọ ń pé, bíi pé agogo kan ń dún nínú orí lọ́jọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni o, kò sì dọ́gba láàárín ẹni méjì. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń fi 25 yìí ṣe àwáwí gbogbo ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pé 34 báyìí. A ṣì ń retí ọpọlọ náà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tèmi jù ni Jeffrey Arnett, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, tó kọ̀wé ní ọdún 2000 pé àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 18 sí 25 kì í ṣe ọmọdé mọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò tíì ka ara wọn sí àgbà. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ohun tó ń sọ èèyàn di àgbà, ìgbéyàwó kọ́ ni wọ́n fi ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé kíkà parí. Mẹ́ta ló máa ń ṣíwájú: kí èèyàn máa dáhùn fún ìwà ara rẹ̀, kó máa dá ìpinnu ara rẹ̀ ṣe, kó sì máa fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kà á, torí ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà náà, mo sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mò ń san owó ilé tí mò ń gbé. Mò ń fọ aṣọ mi. Kò sẹ́ni tó ń bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Lóòótọ́ ni mo ti ń dá dúró. Ohun tí n kò tíì mọ̀ ni pé kí èèyàn dá dúró rọrùn ju kí ẹlòmíràn fara tì í lọ.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, bàbá mi yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn lóru. Egungun itan wọn dá, orí wọn gbá ògiri, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wọn kò sì bára mu mọ́. Ìyá mi ti ṣaláìsí. Àbúrò mi wà lọ́nà jíjìn. Èmi nìkan ni mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, lórí àga onírin kan tó tutù bí òkúta inú odò.

Dókítà kan jáde sí mi, ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní: "Ta ni àgbà tó bá bàbá yìí wá?"

Mo wo ẹ̀yìn.

N kò sọ àsọdùn. Mo yí ọrùn padà, mo wo ẹ̀yìn mi, kí n lè nawọ́ sí àgbà náà fún un. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kan lórí wọn. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, dókítà náà ṣì dúró, ó ń wò mí. "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Wọ́n ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣe é, àwọn tó ń tajà fún mi ń ṣe é, ó sì máa ń bá mi lára mu bí aṣọ tuntun. Ti òru yẹn yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni "ẹ̀yin". Bí a bá sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, ṣe la ń kà á sí bíi pé àwọn kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo wá àwọn yòókù nínú ara mi lórí àga yẹn, n kò rí wọn.

"Èmi ni," ni mo wí. Ohùn mi kò jáde dáadáa, mo ní láti tún un sọ.

Ó ka ìwé náà fún mi. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe sí itan. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan. Oògùn tí wọ́n máa fi mú wọn sùn lè má bá ara wọn mu. Kòkòrò àìsàn lè wọ ojú ọgbẹ́. Mo bi í pé, "Ṣé ó máa dáa?" Ó wò mí díẹ̀ kó tó dáhùn, ó ní, "A máa sa gbogbo ipá wa." Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa: kò ju èmi lọ púpọ̀. Òun náà ti ní láti wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nínú yàrá kan, kó sì rí àga òfìfo. Mo gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń fi ìbuwọ́lùwé dánra wò lẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ mi, kó lè rí bíi ti èèyàn pàtàkì. Èyí tí mo fi síbẹ̀ lóru yẹn dà bíi pé adìyẹ ló ta ilẹ̀.

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí la máa ṣe?" N kò mọ ohun tí a máa ṣe. Mo ní, "Má bẹ̀rù. Mo wà níbí."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ ohùn náà. Tèmi kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìjì ṣí apá kan òrùlé wa lóru. Omi ń dà lé ibùsùn wa, àwọn páànù ń lù gbà-gbà lókè bíi pé ẹnì kan ń bínú sí wa. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà, omi ń kán lára wọn, wọ́n ní: "Ẹ má bẹ̀rù. Mo wà níbí." Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù náà ṣe tán. Èmi àti àbúrò mi sùn lọ níbi gbígbẹ kan ṣoṣo tó kù nínú ilé. Mo rántí pé àtùpà náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn, òjìji wa sì ń gbọ̀n lára ògiri. Mo rò pé òtútù ni.

Mo ṣírò rẹ̀ níbẹ̀, lórí àga onírin. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi lóru ìjì yẹn. Wọ́n fi ọdún mẹ́rin péré ju èmi tí mo jókòó yìí lọ. Wọn kò mọ̀ bóyá òrùlé tó kù máa dúró. Wọn kò mọ ibi tí owó àtúnṣe ti máa wá. Mo ti ń gbé láti ọdún yìí wá pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ìmọ̀ kan wà tí àwọn àgbà ní, tí wọ́n máa ń fi lé èèyàn lọ́wọ́ bó bá yá, tí èmi kò ṣá tíì rí gbà. Mo ti ń tijú nítorí rẹ̀. Kò sí ìmọ̀ kankan. Ẹnì kan ló ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà tó sì pinnu pé òun ló máa di àtùpà mú.

Ẹ má bi mí bóyá irọ́ ni "má bẹ̀rù" yẹn. Mo ti rò ó títí. Bí ó bá jẹ́ ìròyìn nípa òrùlé ni, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò ròyìn òrùlé fún wa. Wọ́n ń sọ ẹni tí òrùlé náà máa kọ́kọ́ wó lù.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀ yẹn, kí n ti di àgbà, kó tán. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé mo sọ ara mi di wàhálà fún gbogbo ilé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ "èmi ni" sọ, kò mọ ibi tí yóò ti dákẹ́. Èmi ni mò ń ka hóró oògùn, èmi ni mò ń pinnu ìgbà tí bàbá mi yóò dìde àti ìgbà tí wọn yóò sùn, èmi ni mò ń dá àwọn tó wá kí wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi fẹ́ fi owó ránṣẹ́, mo ní kó fi pamọ́. Mo ń gbéraga, mo sì ń pè é ní ìfaradà. Lọ́jọ́ tí a padà lọ rí dókítà, ó bi bàbá mi pé báwo ni ara, mo dáhùn: "Wọ́n ń sùn dáadáa, ìrora ti dínkù." Bàbá mi yíjú sí mi láti orí kẹ̀kẹ́ tí a fi tì wọ́n wọlé.

"Ẹsẹ̀ mi ló dá," ni wọ́n wí. "Ẹnu mi ò dá."

Dókítà náà fi ìwé bojú rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀ títí a fi délé. Mo ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ní in. Ara wọn ni, ìrora wọn ni, àwọn ló yẹ kó dáhùn fún un. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń ní "èmi ni". Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ní kí n tún lọ kọ́ "èmi kọ́" lákọ̀tun. Kì í ṣe ti ọmọ tó ń sá fún ẹgba o. Ti ẹni tó wo ẹrù kan fínnífínní, tó rí i pé ẹlòmíràn ló ni ín, tó sì yọwọ́ kúrò lára rẹ̀ bó tilẹ̀ ń wù ú láti gbé e. Ní tòótọ́, èyí le fún mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ṣì máa ń ṣì í.

Mo sì ṣì máa ń padà sẹ́yìn pátápátá. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá mi bi mí léèrè iṣẹ́ kan tí mo gbàgbé láti fi ránṣẹ́. Ẹnu mi ti là kí ọpọlọ mi tó dé: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, sà." Mo yára jù. Ó wò mí bí bàbá mi ì bá ṣe wò mí lọ́jọ́ aago yẹn, ká ní wọ́n fara balẹ̀ wo mi dípò àbúrò mi. Wákàtí kan kọjá kí n tó padà lọ bá a pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣe nǹkan kan, èmi ni. Ó ní òun ti mọ̀. Wákàtí kan dára ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ló mú mi pe àbúrò mi lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti gbé e sọ́kàn bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: garawa, ení dé ọgọ́rùn-ún, etí ẹ̀wù mi, bó ṣe ń wolẹ̀ nígbà tí wọ́n ń nà án. Mo ní, "Èmi ni mo ba aago yẹn jẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Aago wo?"

Mo tún un sọ. Kò rántí. Ó rántí ìgbà kan tí wọ́n nà án nítorí dígí tó fọ́, ó ní ìyẹn tọ́ sí òun, òun ló fọ́ ọ. Mo ń rọ̀ ọ́ pé kó rò ó dáadáa, aago bàbá mi, èyí tó ní ọwọ́ tó ń sáré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ kí n fi ṣe?" Mo ti gbé gbèsè náà káàkiri láti kékeré, mo wá gbé e dé iwájú ẹni tí mo jẹ, kò sì ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fojú jì mí láti fi tẹ́ mi lọ́rùn, bí a ṣe ń gba nǹkan tí a kò nílò lọ́wọ́ àlejò. Bàbá mi ni n kò tíì sọ fún.

A dákẹ́ díẹ̀ lórí ìlà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí bàbá padà wá fún àyẹ̀wò o."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mò ń gbọ́."

"Èmi ni mo wá mú wọn lọ lẹ́ẹ̀mejì tó kọjá. Ẹ̀yin ló kàn."